Bí a ṣe ń tu fáríàkì lára kó lè gbé ju áńpù tí wọ́n kọ sí i lọ

Fáríàkì ni tíráńsífọ́mà tí a ń yí ọwọ́ rẹ̀ láti yan fólítì tí yóò jáde. Áńpù tí wọ́n tẹ̀ sára rẹ̀ ń tọ́ka sí ìwọ̀n ooru tí ẹ̀rọ náà lè lé jáde fúnra rẹ̀, nígbà tó bá jókòó sínú atẹ́gùn tí kò mì, tí lóòdù, ìyẹn ohun tó ń fa iná lára rẹ̀, sì wà lórí rẹ̀ láti àárọ̀ di alẹ́. Ìdí nìyẹn tí ẹni tó bá lè bá a lé ooru náà jáde fi lè rí kọ́rẹ́ǹtì gbà lára rẹ̀ ju èyí tí wọ́n kọ lọ. Ṣùgbọ́n ibi méjì ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ni ooru ti ń wá nínú fáríàkì, èyíinì ni kọ́ílì (wáyà tí wọ́n wé) àti búrọ́ọ̀ṣì (kábọ̀n tó ń rìn lórí wáyà náà), fáànù kò sì ran àwọn méjèèjì lọ́wọ́ bákan náà. Ẹni tí kò bá kọ́kọ́ mọ èwo nínú méjèèjì ni ẹrù náà yóò wọ̀ lọ́rùn yóò kàn máa fẹ́ atẹ́gùn sí ibi tí kò gbóná ni, bí èmi náà ti ṣe nígbà kan.

Orúkọ ọjà ni Variac jẹ́ tẹ́lẹ̀. Ilé iṣẹ́ General Radio ní Amẹ́ríkà ló fi sọ irú tíráńsífọ́mà yìí ní àwọn ọdún 1930, àwọn oníṣẹ́ iná sì ti fi ń pe gbogbo irú rẹ̀ láti ìgbà náà, ẹni yòówù tí ì báà ṣe é. Ohun tó wà nínú rẹ̀ kò pọ̀. Kọ́ílì kan ṣoṣo ni, tí wọ́n wé yí irin roboto bí òrùka ká. Wọ́n ha fáníìṣì, ìyẹn ohun tí wọ́n fi bo wáyà kí iná má bàa gba ara rẹ̀ jáde, kúrò lára wáyà bàbà náà ní ojú ọ̀nà tóóró kan, búrọ́ọ̀ṣì kábọ̀n sì ń rìn lórí ojú ọ̀nà yìí bí a bá ti ń yí ọwọ́ rẹ̀. Nítorí pé kọ́ílì kan náà ni iná ń gbà wọlé tó sì ń gbà jáde, kò sí ohun tó pín iná inú ilé níyà sí iná tó ń jáde níbi búrọ́ọ̀ṣì. Kódà bí fólítì 5 péré bá ń jáde, ẹni tó fọwọ́ kan wáyà náà lè gba iná ilé tààrà. Nítorí náà, gbogbo iṣẹ́ tí mo fẹ́ ṣàlàyé níhìn-ín, ìgbà tí a bá ti yọ púlọ́ọ̀gì kúrò lára ògiri ni kí a ṣe é.

Ibi tí ooru ti ń wá

Ká mú fáríàkì kan tó ń gba fólítì 240. Bí búrọ́ọ̀ṣì bá dúró ní àárín gbùngbùn, fólítì 120 ni yóò máa jáde. Bí lóòdù bá ń fa áńpù 10, áńpù 5 péré ni yóò máa ti ara ògiri wọlé, ìdajì kọ́ílì tó wà lókè búrọ́ọ̀ṣì yóò gbé áńpù 5, ìdajì ìsàlẹ̀ náà yóò gbé 5, àwọn méjèèjì yóò sì pàdé níbi búrọ́ọ̀ṣì, tí yóò dá áńpù 10 gbé. Bí a bá wá yí i wálẹ̀ sí fólítì 24, áńpù kan ló kù tí yóò máa wọlé. Ìdá mẹ́sàn-án nínú mẹ́wàá kọ́ílì yóò gbé áńpù kan, ṣùgbọ́n ìdá kan tó kù nísàlẹ̀ yóò gbé 9. Búrọ́ọ̀ṣì ń gbé 10 síbẹ̀.

Bí a bá ṣírò ooru gbogbo kọ́ílì, àárín gbùngbùn yìí ni ó ti pọ̀ jù lọ. Ní fólítì 24, àpapọ̀ ooru kọ́ílì kò ju ìdá kan ó lé díẹ̀ nínú mẹ́ta ti àárín lọ. Ẹni tó bá fi ọwọ́ kan ara rẹ̀ lẹ́yìn tó ti paná yóò rò pé ẹ̀rọ náà kò ṣe nǹkan kan. Ṣùgbọ́n nínú ìdá kékeré tó ń gbé áńpù 9 yẹn, ooru tó ń jáde lára wáyà kọ̀ọ̀kan ju ti àárín lọ ní ìlọ́po mẹ́ta. Bákan náà ni ó rí bí a bá yí i súnmọ́ òkè, àfi pé ìdá kékeré tó wà láàrín ẹnu ọ̀nà iná àti búrọ́ọ̀ṣì ni ìyà náà yóò jẹ. Bí a bá sì yí i kọjá fólítéèjì ilé, bíi kí a gba 270 lára 240, apá òkè yẹn ni yóò dá gbogbo kọ́rẹ́ǹtì lóòdù gbé.

Ti búrọ́ọ̀ṣì tún yàtọ̀. Ó fẹ̀ ju wáyà kan lọ, nítorí bí kò bá fọwọ́ kan wáyà tó kàn kó tó fi èyí tó wà lórí rẹ̀ sílẹ̀, iná yóò máa ṣẹ́jú ní gbogbo ìgbà tí a bá yí i. Nípa bẹ́ẹ̀, ìgbà gbogbo ni búrọ́ọ̀ṣì ń so wáyà méjì tàbí mẹ́ta pọ̀, fólítéèjì kékeré tó wà láàrín wọn sì ń ti kọ́rẹ́ǹtì tirẹ̀ gba inú kábọ̀n kọjá, bí lóòdù wà bí kò sí. Torí èyí ni wọ́n ṣe fi kábọ̀n ṣe é, tí wọn kò fi bàbà ṣe é: rẹsísítánsì kábọ̀n, ìyẹn bí ó ṣe ń dí iná lọ́nà, ló ń ká kọ́rẹ́ǹtì yìí lọ́wọ́ kò kó má bàa jó wáyà. Rẹsísítánsì kan náà yìí ló sì ń gbóná nígbà tí kọ́rẹ́ǹtì lóòdù bá ń kọjá. Bí fólítì kan bá sọnù níbi tí kábọ̀n ti pàdé bàbà, áńpù 15 yóò sọ ọ́ di wáàtì 15, lórí ojú ibi tí kò fẹ̀ tó èékánná ọmọdé.

Ohun tí mo fojú rí nìyí. Mo ní ẹ̀rọ áńpù 10 kan, mo sì fẹ́ fi mú wáyà rẹsísítánsì kan gbóná ní fólítì 30, tó ń fa áńpù 16. Mo gbé fáànù ńlá sí i nídìí, ara kọ́ílì tutù minimini, inú mi sì dùn. Ó tó ogójì ìṣẹ́jú kí òórùn fáníìṣì tó jó tó dé imú mi. Nígbà tí mo paná tí mo ṣí i, wáyà mẹ́ta tó wà lábẹ́ búrọ́ọ̀ṣì ti dúdú bí èédú, fáníìṣì ẹ̀gbẹ́ wọn ti di eérú tí èékánná lè ha, etí búrọ́ọ̀ṣì fúnra rẹ̀ sì ti ṣẹ́. Wáyà tó wà ní ìka méjì sí ibẹ̀ ṣì ń dán bí tuntun. Láti ọjọ́ náà, ibi búrọ́ọ̀ṣì ni mo máa ń kọ́kọ́ wò.

Èrè tó wà nínú rẹ̀

Ooru kọ́ílì ń tẹ̀lé ìlọ́po kọ́rẹ́ǹtì pẹ̀lú ara rẹ̀. Áńpù 12 lára ẹ̀rọ áńpù 10 yóò mú ooru 1.44 wá ní ìlọ́po, áńpù 15 yóò mú 2.25 wá, áńpù 20 yóò mú ìlọ́po mẹ́rin wá. Bàbà pàápàá tún ń fi díẹ̀ kún un, nítorí rẹsísítánsì rẹ̀ ń lé sókè ní nǹkan bí 0.39 nínú ọgọ́rùn-ún fún dígíríì Celsius kọ̀ọ̀kan. Bí fáànù bá mú kó rọrùn fún ooru láti jáde ní ìlọ́po méjì, kọ́rẹ́ǹtì tí a lè fi kún un kò ju ìlọ́po 1.4 lọ, ìyẹn áńpù 14 lára ẹ̀rọ áńpù 10. Ẹni tó bá ń retí ìlọ́po méjì lára fáànù kan ṣoṣo ń tan ara rẹ̀. Ní tèmi, 1.3 ni mo máa ń dúró sí fún iṣẹ́ tó máa pẹ́, mo sì kà á sí èrè gidi.

Kí a tún tó ra fáànù rárá, ó yẹ kí a ka ara ẹ̀rọ náà àti ìwé rẹ̀ dáadáa. Àwọn tó ṣe é mọ̀ nípa bí kọ́rẹ́ǹtì ṣe ń pín, nítorí náà àwọn kan ń kọ áńpù méjì: ọ̀kan fún gbogbo ipò búrọ́ọ̀ṣì, ọ̀kan tó ga jù ú lọ fún ìgbà tí búrọ́ọ̀ṣì bá wà nítòsí òdo tàbí nítòsí fólítéèjì ilé. Àwọn mìíràn ń ya àwòrán iye tó lè gbé fún ìṣẹ́jú àáyá tàbí ìṣẹ́jú mélòó kan. Ó ṣeé ṣe kí ohun tí a ń wá ti wà nínú ìwé yẹn láìsí fáànù.

Kí a kọ́kọ́ wọn ìwọ̀n ooru rẹ̀

Ọ̀nà tí mo fọkàn tán jù lọ kò béèrè pé kí a mọ irú fáníìṣì tí wọ́n lò. Kí a yí búrọ́ọ̀ṣì sí àárín, kí a gbé lóòdù rẹsísítánsì tó ń fa áńpù tí wọ́n kọ gan-an lé e lórí, láìsí fáànù, kí a sì jẹ́ kó ṣiṣẹ́ títí ooru rẹ̀ kò fi ní lọ sókè mọ́. A ó máa ka á ní ìṣẹ́jú mẹ́wàá mẹ́wàá. Nígbà tí kíkà mẹ́ta tẹ̀ léra kò bá fi ju dígíríì kan lọ yàtọ̀ síra, ó ti dúró nìyẹn, ìyẹn sì lè gbà ju wákàtí kan lọ. Ìwọ̀n tí a bá rí, ní àfikún lórí ooru yàrá, ni ohun tí ẹni tó ṣe é ti gbà láàyè. Lẹ́yìn tí a bá wá fi fáànù sí i, a lè máa fi áńpù kún un díẹ̀díẹ̀ títí yóò fi padà dé ìwọ̀n kan náà. A kò ní kọjá ibẹ̀.

Fún ẹni tó bá mọ irú ìdábòòbò tó wà lára wáyà rẹ̀, òpin ooru tí wọ́n fi sí wọn ni 105°C fún A, 130°C fún B, 155°C fún F àti 180°C fún H. Àwọn onímọ̀ sì ti pẹ́ tí wọ́n ti ń lo ìlànà kan pé bí ooru bá fi nǹkan bí dígíríì mẹ́wàá ju òpin lọ, ọjọ́ ayé ìdábòòbò náà yóò dín sí ìdajì.

A lè wọn ooru náà ní ọ̀nà méjì. Àkọ́kọ́ ni kí a fi téèpù polyimide, irú tó ń fara da ooru, lẹ wáyà thermocouple, ìyẹn wáyà tó ń wọn ooru, mọ́ ibi tí fáníìṣì ṣì wà lára kọ́ílì, nítòsí ojú ọ̀nà búrọ́ọ̀ṣì ṣùgbọ́n tí kò kan bàbà ìhòòhò, kí mítà tó ń kà á jẹ́ èyí tó ń lo bátìrì, kí a má sì fọwọ́ kan an nígbà tí iná bá wà. Ẹ̀rọ ìwọn-ooru tí wọ́n máa ń nà sí nǹkan láti òkèèrè ń parọ́ lórí irin tó ń dán, kò sì yẹ kí a gbára lé e níhìn-ín. Ọ̀nà kejì ni rẹsísítánsì bàbà fúnra rẹ̀. Kọ́ílì fáríàkì kò sábà ju óòmù mélòó kan lọ, mítà lásán kò lè kà á dáadáa, nítorí náà kí a ti iná DC (irú ti bátìrì) áńpù kan gba inú rẹ̀, kí a sì wọn fólítéèjì tó wà lórí rẹ̀ gan-an. Ká ní ó jẹ́ óòmù 1.200 nígbà tí ó tutù ní 25°C, tó sì di 1.480 nígbà tó gbóná. A ó fi 234.5, tí í ṣe nọ́mbà tí wọ́n ń lò fún bàbà, kún 25, yóò di 259.5. A ó sọ ọ́ di púpọ̀ pẹ̀lú 1.480, a ó fi 1.200 pín in, yóò di nǹkan bí 320. A ó yọ 234.5 kúrò, yóò ku nǹkan bí 85.5°C. Ìwọ̀n àárín gbogbo kọ́ílì nìyẹn, ibi tó gbóná jù yóò sì ju bẹ́ẹ̀ lọ, nítorí náà kí a fi àyè sílẹ̀. Iná DC yìí tún lè fi òòfà díẹ̀ sílẹ̀ nínú irin, kí ó má ya ẹnikẹ́ni lẹ́nu bí ẹ̀rọ náà bá fa kọ́rẹ́ǹtì ńlá nígbà àkọ́kọ́ tí a bá tún tan án.

Bí a ṣe ń gbé fáànù sí i

Mítà onígun atẹ́gùn kan ń gbé nǹkan bí júùlù 1,200 fún dígíríì kọ̀ọ̀kan tó bá fi gbóná sí i. Láti lé wáàtì 100 jáde pẹ̀lú atẹ́gùn tí kò ní gbóná ju dígíríì mẹ́wàá lọ, lítà 8 ó lé díẹ̀ ni a nílò ní ìṣẹ́jú àáyá, tàbí ọgbọ̀n mítà onígun ní wákàtí kan. Fáànù tí kò tóbi rárá lè ṣe èyí. Ohun tó ń ba iṣẹ́ náà jẹ́ ni pé atẹ́gùn yóò gba ibi tó rọrùn fún un, yóò yí kọ́ílì ká láìfọwọ́ kan an.

Nítorí náà, kí a gbé fáríàkì lé ẹsẹ̀ tó ga tó sẹ̀ǹtímítà mẹ́rin, kí fáànù wà nísàlẹ̀ kó máa fẹ́ sókè, kí a sì fi páànù roboto yí kọ́ílì ká ní ìwọ̀n ìka kan sí i, kí atẹ́gùn lè gba inú ihò àárín àti ẹ̀gbẹ́ ìta rẹ̀ kọjá ní dandan. Bí pákó tàbí irin ìsàlẹ̀ bá dí ihò àárín, kí a lu ihò sí i, nítorí inú ihò yẹn ni wáyà ti fún mọ́ra jù, ibẹ̀ ni ooru sì ń há sí. Irin páànù náà gbọ́dọ̀ ní wáyà ilẹ̀. Mo fẹ́ràn kí atẹ́gùn máa wọlé láti ìsàlẹ̀ kó máa jáde níbi búrọ́ọ̀ṣì, torí ìyẹ̀fun kábọ̀n tó ń jábọ́ lára rẹ̀ yóò máa bá atẹ́gùn jáde. Bí a bá fẹ́ láti òkè, a ó máa kó ìyẹ̀fun tó ń gbé iná yìí sí àárín kọ́ílì.

Ẹnu ọ̀nà iná ni kí a ti fún fáànù ní iná. Mo ti rí ẹni tó so ó mọ́ ibi tí iná ti ń jáde lára fáríàkì náà, tí fáànù fi ń kú lọ díẹ̀díẹ̀ bí ó ṣe ń yí fólítéèjì wálẹ̀, nígbà tí búrọ́ọ̀ṣì ń wá a kiri gidigidi.

Búrọ́ọ̀ṣì

Ohun tí fáànù lè ṣe fún búrọ́ọ̀ṣì ni kó mú irin tó dì í mú tutù. Bí irin náà bá ní abẹ́ pẹlẹbẹ tó ń fọ́n ooru ká, fáànù kékeré kejì tó dojú kọ ọ́ yóò ràn án lọ́wọ́. Bí kò bá ní, a lè so aluminiomu pẹlẹbẹ mọ́ ọn, bí kò bá ti ní kan ohunkóhun nígbà tó bá ń yí.

Lẹ́yìn ìyẹn, ojú tí kábọ̀n àti bàbà fi pàdé ló kù. Kí a fi aṣọ tí kò ní òwú tó ń yọ àti ọtí isopropyl nu ojú ọ̀nà náà. Kí a gé bébà iyanrìn tó kúnná, kí a fi ẹ̀yìn rẹ̀ lé ojú ọ̀nà, kí a sì máa fà á lábẹ́ búrọ́ọ̀ṣì títí gbogbo ẹnu kábọ̀n yóò fi jókòó dáadáa. Bébà emery kò dára, torí èérún rẹ̀ ń rì sínú kábọ̀n, ó sì ń ha bàbà. A kò gbọ́dọ̀ fi gírísì sí i. Bí a bá fẹ́ pààrọ̀ rẹ̀, irú kábọ̀n kan náà ni kí a wá. Mo mọ̀ pé ẹni tó ń wá áńpù púpọ̀ yóò fẹ́ ra kábọ̀n tí bàbà pọ̀ nínú rẹ̀, nítorí rẹsísítánsì rẹ̀ kéré. Ohun tí yóò rí ni pé kọ́rẹ́ǹtì tó ń yí láàrín àwọn wáyà tó so pọ̀ yóò di ńlá, wáyà yóò sì jó láìsí lóòdù kankan.

Nípa epo

Àwọn ilé iṣẹ́ ń ṣe fáríàkì ńláńlá tó ń gbé inú epo, ó sì ṣiṣẹ́, nítorí epo ń fọwọ́ kan gbogbo ara wáyà àti búrọ́ọ̀ṣì pọ̀. Ṣùgbọ́n ẹni tó fẹ́ ri tirẹ̀ sínú agolo gbọ́dọ̀ mọ̀ pé epo kàn ń gbé ooru dé ara agolo ni; ara agolo ló máa lé e jáde. Bí agolo bá kéré, epo yóò kàn fa gbígbóná náà sẹ́yìn fún wákàtí méjì kan, lẹ́yìn náà gbogbo rẹ̀ yóò gbóná pọ̀. Epo tíráńsífọ́mà nìkan ló tọ́ síbẹ̀, ó sì ń wú bí ó bá ti ń gbóná, tó fi jẹ́ pé ọgọ́ta dígíríì yóò fi ju lítà mẹ́rin kún ọgọ́rùn-ún lítà. Ìyẹ̀fun kábọ̀n kò ní rí ibi lọ, yóò máa pọ̀ nínú epo. Bí epo bá sì gbiná, ó kọjá ohun tí a ń fi tábìlì iṣẹ́ ṣe. Èmi kò fi epo sí tèmi rí, n kò sì ní fi sí i.

Ọ̀nà mìíràn àti ààbò

Bí lóòdù bá ń wá tó ń lọ, a lè má nílò fáànù púpọ̀. Ìlọ́po méjì kọ́rẹ́ǹtì fún ìdá kan nínú mẹ́rin àsìkò ń mú ooru kan náà jáde nínú kọ́ílì pẹ̀lú kọ́rẹ́ǹtì tó pé tí kò dúró, bí àsìkò náà bá kúrú, bí ìṣẹ́jú kan nínú mẹ́rin. Búrọ́ọ̀ṣì kò ní irú sùúrù yìí, nítorí ó kéré, ó sì ń tètè gbóná. Bí ohun tí a ń fẹ́ kò bá sì ju kí a fi díẹ̀ kún iná ilé tàbí kí a yọ díẹ̀ lára rẹ̀, kí a ra tíráńsífọ́mà 240 sí 24 tí ẹ̀yìn rẹ̀ (kọ́ílì fólítì 24) lè gbé áńpù 40, kí a to ẹ̀yìn náà tẹ̀ lé iná ilé lójú ọ̀nà lóòdù, kí a sì fi fáríàkì bọ́ iwájú rẹ̀ (kọ́ílì fólítì 240). Lóòdù yóò máa fa áńpù 40, fólítéèjì yóò máa lọ láti 240 sí 264, fáríàkì kò sì ní gbé ju áńpù 4 lọ. Ẹni tó bá so fáríàkì méjì pọ̀ kí wọ́n jọ gbé ẹrù gbọ́dọ̀ fi choke, ìyẹn kọ́ílì tó ń pín kọ́rẹ́ǹtì, sáàárín wọn, torí búrọ́ọ̀ṣì méjèèjì kì í dúró lórí wáyà kan náà gẹ́lẹ́.

Fíúùsì ẹnu ọ̀nà kò tó. Ní fólítì 24, áńpù 100 lè máa jáde níbi búrọ́ọ̀ṣì kí áńpù 10 tó wọlé, fíúùsì áńpù 10 kò sì ní já. Ara wáyà búrọ́ọ̀ṣì ni kí fíúùsì kejì wà, ní ìwọ̀n áńpù tí a fẹ́ lò gan-an, kí èyí tó wà lẹ́nu ọ̀nà sì jẹ́ irú tí kì í tètè já, nítorí irin roboto ń fa kọ́rẹ́ǹtì ńlá nígbà tí a bá ṣẹ̀ṣẹ̀ tan án. Kí a lẹ thermostat kan, ìyẹn súwíìṣì tó ń já bí ooru bá pọ̀ jù, mọ́ kọ́ílì, kí ó máa já lóòdù bí fáànù bá kú. Kí a sì rántí pé fáànù kò lè ran ẹ̀rọ tí wọ́n ṣe fún iná 60 Hz lọ́wọ́ bí a bá fún un ní fólítéèjì rẹ̀ ní kíkún lórí iná 50 Hz. Òòfà inú irin ni yóò kún àkúnju, fáànù kò sì lè dá ìyẹn dúró.

Lẹ́yìn wákàtí mẹ́wàá àkọ́kọ́ lábẹ́ ẹrù tuntun, kí a yọ púlọ́ọ̀gì, kí a gbé búrọ́ọ̀ṣì sókè, kí a sì fi iná tọ́ọ̀ṣì wo ojú ọ̀nà. Bí bàbà bá ní àwọ̀ pupa ráúráú tó dọ́gba, a lè máa bá iṣẹ́ lọ. Bí a bá rí ibi kan tó dúdú, tàbí tí fáníìṣì ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ ti ń yí padà sí àwọ̀ igi, kí a dín áńpù kù kí a tó tún tan án.